Ọmọ Ọdún Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Tó Ń Sanwó Orí

Owó tí Aila ń san kì í ṣe owó iná, kì í ṣe owó ilé, kì í sì í ṣe owó ìwé. Owó tí kò fi ní lọ ilé-ìwé ni. Bó bá san án, ajẹ́lẹ̀ ìjọba á ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Bí kò bá rí i san, wọ́n á wá gbé e, wọ́n á gé irun rẹ̀, wọ́n á tì í mọ́ ilé ńlá kan tí ìjọba àti ìjọ jọ ń ṣàkóso. Igbó ló ń tà kó tó rí owó náà.

Jeff Barnaby, ọmọ ẹ̀yà Mi'kmaq láti ìlà-oòrùn Kánádà, ló kọ fíìmù tí Aila wà nínú rẹ̀, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló sì jókòó gé e pọ̀. Rhymes for Young Ghouls ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 2013 ló kọ́kọ́ jáde níbi àjọ̀dún fíìmù Toronto, ìṣẹ́jú 88 péré ló sì gbà. Mo ti rí fíìmù tó gùn jù ú lọ ní ìlọ́po méjì tí kò sọ ìdajì ohun tó sọ.

Orí ilẹ̀ ìpamọ́ kan tí wọ́n pè ní Red Crow ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ ìpamọ́ ni ilẹ̀ kékeré tí ìjọba Kánádà yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ yòókù ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ni wọ́n ń gbé orí rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń sìnkú sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí ìwé ilẹ̀ náà. Ẹ má wá Red Crow lórí máàpù o, ẹ ò ní rí i. Barnaby ló fi àlàjẹ́ yẹn bo ìlú tí òun mọ̀ dáadáa lójú.

Ọdún 1969 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn òbí Aila àti Burner, arákùnrin bàbá rẹ̀, mutí yó kẹ́ri. Ìyá wa mọ́tò, ó sì fi mọ́tò náà pa Tyler, ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré, láìmọ̀. Joseph, bàbá ọmọ, gba ẹ̀sùn náà sórí ara rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sẹ́wọ̀n. Ìyá kò lè bá ohun tó ṣe gbé ilé kan náà, ó pokùn so. Aila fojú ara rẹ̀ rí òkú náà. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí ẹni tó ń wò ó tó rí àyè fara ti àga dáadáa.

Nígbà tí a tún fojú kan Aila, ọdún 1976 ti dé, ilé tí Joseph fi sílẹ̀ sì ti di ilé-iṣẹ́ igbó. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń wé e, wọ́n ń tò ó jọ, bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń fi ewé pọ́n mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ ìnáwó. Burner tó yẹ kó ṣe bàbá fún un ló ń pariwo jù nínú ilé, ṣùgbọ́n Aila ló mọ iye tó wọlé, iye tó jáde, àti iye tí ajẹ́lẹ̀ máa gbà. Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Ceres ló ń gbin igbó náà fún wọn. Arúgbó ń gbìn ín, ọmọdé ń tà á, òṣìṣẹ́ ìjọba ń jẹ èrè rẹ̀, àwọn àgbà ìlú sì ń fà á kí wọ́n lè gbàgbé ohun tí ojú wọn ti rí.

A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Red Crow, orí ọmọ ló tọ́, ti àgbà ló wọ́. Barnaby kò sì torí bẹ́ẹ̀ wàásù fún wọn. Ilé-ìwé tí Aila ń sá fún, àwọn àgbà náà ti gbà á kọjá. Ọtí àti igbó tí wọ́n ń mu kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Orúkọ ilé-ìwé náà ni St. Dymphna, orúkọ ẹni mímọ́ tí ìjọ Àgùdà gbà pé ó ń ṣàánú àwọn tí orí wọn dàrú. Mi ò rò pé Barnaby ṣèèṣì mú orúkọ yẹn. Popper, ajẹ́lẹ̀ tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Nígbà tí Joseph tẹ̀wọ̀n dé lẹ́yìn ọdún méje, ó bá ọmọ tí kò nílò ẹni tó máa sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un mọ́. Láìpẹ́, owó tí Aila fẹ́ fi san gbèsè ajẹ́lẹ̀ bọ́, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́.

Kò sí ìjà níbi tí wọ́n ti gba Aila wọ ilé-ìwé náà, síbẹ̀ ibẹ̀ ló nira jù lọ láti wò nínú fíìmù náà. Wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n gé irun rẹ̀, wọ́n tì í mọ́ ihò tó ṣókùnkùn. Àwọn tó ń ṣe é kò bínú, wọn ò tilẹ̀ yára. Bí wọ́n ṣe máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun nìyẹn. Àwọn tó jáde láyè nínú irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ti sọ ọ́ léraléra pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rántí ni irun wọn lórí ilẹ̀ àti aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá láti ilé tí wọn kò rí mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń fún ọmọ ní nọ́ńbà, tí nọ́ńbà náà á sì borí orúkọ.

Ọmọbìnrin mìíràn nínú fíìmù mìíràn ì bá jókòó síbẹ̀ sunkún kí àwa òǹwòran lè bá a sunkún. Aila jáde, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò bí wọ́n ṣe máa ja ajẹ́lẹ̀ lólè. Alẹ́ Halloween ni wọ́n mú, nígbà tí gbogbo ọmọ ìlú á gbé ìbòjú wọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ẹni tí ń bẹ lábẹ́ ìbòjú. Ìbòjú gáàsì bíi ti sójà ni ti Aila, àwòrán yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ fíìmù náà. Lára ohun tí wọ́n sì ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé wọ́n da ìgbẹ́ sínú páìpù omi ilé-ìwé. Ajẹ́lẹ̀ bọ́ sábẹ́ ṣáwà láti wẹ̀, ohun tó já lé e lórí kì í ṣe omi. Ẹ̀rín pa mí, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má bínú. Mo mọ̀ pé àwọn kan rí i bíi ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ọmọdé náà ṣáà ni wọ́n.

Òfin tó wà lẹ́yìn gbogbo èyí kì í ṣe àròsọ. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà gan-an ni Barnaby ti kọ ọ́ sójú àwòrán pé ẹni tí ìjọba bá yàn lè wọlé onílé, kó mú ọmọ tí kò lọ ilé-ìwé, kó sì fi tipátipá gbé e lọ. Indian Act ni wọ́n ń pe òfin náà, ọdún 1876 ni wọ́n ṣe é, ó sì wà títí dòní pẹ̀lú àtúnṣe lóríṣiríṣi. Òfin yìí ló ń pinnu ẹni tí í ṣe Indian, ìyẹn ọmọ ìbílẹ̀ lójú òfin, àti ẹni tí kì í ṣe é. Obìnrin ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ ọkọ tí kì í ṣe Indian pàdánù ipò rẹ̀, ọkùnrin tó ṣe bákan náà kò pàdánù nǹkan kan. Ọdún 1985 ni wọ́n tó yí ìyẹn padà. Láti 1927 títí di 1951, ẹni tó bá dá owó jọ láti gba lọ́yà fún ẹjọ́ ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ti rúfin. Ọdún 1960 ni àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn tó lè dìbò fún ìjọba àpapọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ kọ ipò wọn sílẹ̀.

Ní 1920 ni wọ́n fi kún un pé ọmọ ọdún méje sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbọ́dọ̀ lọ ilé-ìwé. Duncan Campbell Scott, ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ Indian, ló ti òfin náà lẹ́yìn, ó sì ṣàlàyé fún àwọn aṣòfin pé iṣẹ́ náà kò ní dúró títí tí kò fi ní sí Indian kan mọ́ ní Kánádà tí àwùjọ kò tíì gbé mì. Akéwì ni Scott o, ọ̀kan lára àwọn tí Kánádà fi ń yangàn nígbà náà. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ní 1907, dókítà ìjọba kan, Peter Bryce, ti yẹ àwọn ilé-ìwé náà wò, ó sì kọ ìròyìn pé ikọ́ ife ń pa àwọn ọmọ níbẹ̀ bí ẹni ń ṣa èso. Wọn kò ṣe ohun tó ní kí wọ́n ṣe. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó ìròyìn náà sínú ìwé pélébé kan ní 1922, ó sì tà á fún aráyé kà.

Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ó lé ní 150,000 ọmọ tó gba àwọn ilé-ìwé bọ́dìn yìí kọjá. Ilé-ìwé 139 ló wà nínú àdéhùn tí ìjọba fi san owó gbà-má-bínú fún àwọn tó jìyà níbẹ̀. Ìjọba ń sanwó, ìjọ ń ṣàkóso: Àgùdà ló ní èyí tó pọ̀ jù, Áńgílíkà tẹ̀ lé e, àwọn ìjọ mìíràn náà sì ní tiwọn. Ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ jẹ ẹgba. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń fi ìdajì ọjọ́ kàwé, wọ́n ń fi ìdajì yòókù ṣiṣẹ́ oko, iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ àti iṣẹ́ ilé ìdáná. Ọdún 1990 sí òkè ni èyí tó kẹ́yìn tó ti ilẹ̀kùn.

Ní etíkun ìlà-oòrùn tí àwọn Mi'kmaq ń gbé, ọ̀kan ṣoṣo ni irú ilé-ìwé yìí: Shubenacadie, ní Nova Scotia, ilé bíríkì ńlá lórí òkè. Ọdún 1930 ni wọ́n ṣí i. Ọdún 1967 ni wọ́n tì í.

Ẹni tó bá ń ka ọdún bọ̀ ti rí i pé nǹkan kan kò báramu. Aila ń sá fún St. Dymphna ní 1976, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ti gidi ti kógbá sílé. Àwọn ajẹ́lẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Indian agent, ti kúrò lórí ilẹ̀ ìpamọ́ kí ọdún 1970 tó dé. Kò sì sí owó orí kankan nínú ìwé òfin tí ọmọdé lè san kó má lọ ilé-ìwé. Barnaby ló hùmọ̀ rẹ̀. Oníwé ìtàn lè torí èyí da fíìmù náà nù. Èmi ò ní dà á nù. Ní 1976, Indian Act pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé, ọdún náà sì ni wọ́n bí Barnaby. Ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ilé-ìwé ti tì ṣì bá a nílé: ó bá a nínú ìgò ọtí, nínú ìdákẹ́jẹ́ bàbá, nínú ìyá tí kò mọ bí a ti ń gbé ọmọ mọ́ra nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbé òun náà mọ́ra. Lójú ọmọ bẹ́ẹ̀, ilé náà kò tíì tì. Owó orí tí a hùmọ̀ yẹn ló sì mú kí òǹwòran tí kò mọ nǹkan kan nípa Kánádà tètè lóye ọ̀rọ̀ náà, nítorí gbogbo ayé ló mọ ohun tí à ń pè ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba na ọwọ́ sí ọ pé kí o mú nǹkan wá.

Ìlú tí wọ́n bí Barnaby sí ni Listuguj, ilẹ̀ ìpamọ́ Mi'kmaq létí odò Restigouche ní Quebec. Ìlú náà ní ìtàn tirẹ̀, láìmọ ìtàn yẹn, ìbínú inú fíìmù yìí lè jọ ti ẹni tó kàn ń pariwo. Láti ìgbà láéláé ni wọ́n ti ń ju àwọ̀n pa ẹja salmon nínú odò yẹn. Ẹja ni oúnjẹ, ẹja ni owó. Ní 1981, ìjọba Quebec ní kí wọ́n dín ọjọ́ tí àwọ̀n ń wà nínú omi kù. Àwọn Mi'kmaq fèsì pé odò yìí kì í ṣe ti Quebec láti pàṣẹ lé lórí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọlọ́pàá ya bo ìlú kékeré yẹn. Wọ́n lu ènìyàn, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mú ènìyàn, wọ́n kó àwọ̀n lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún padà wá. Nítorí ẹja.

Barnaby kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Ìyá àgbà nínú àwọn olùdarí fíìmù ìbílẹ̀ Kánádà, Alanis Obomsawin, ọmọ ẹ̀yà Abenaki, gbé kámẹ́rà lọ sí Listuguj, ó sì gbé fíìmù Incident at Restigouche jáde ní 1984. Nínú rẹ̀, Obomsawin jókòó síwájú Lucien Lessard, mínísítà tí ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sí i lójú. Àwọn oníròyìn tó mọṣẹ́ kì í bínú níwájú kámẹ́rà. Obomsawin bínú, kò sì gé e kúrò. Barnaby dàgbà tán, ó sọ pé fíìmù yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí òun mọ ohun tí kámẹ́rà lè ṣe. Èmi gbà á gbọ́, nítorí ìbínú yẹn náà ló wà nínú ti Aila, tí kò wá àforíjì.

Nítorí náà ni mo ṣe rò pé kò tọ̀nà bí àwọn kan ṣe ń to fíìmù yìí mọ́ àwọn fíìmù ìyà àwọn ọmọ ìbílẹ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ mú Songs My Brothers Taught Me tí Chloé Zhao ṣe ní 2015. Òun náà wá sórí ilẹ̀ ìpamọ́, Pine Ridge ní South Dakota ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn Lakota. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Johnny, ń ta ọtí níbi tí òfin ìlú ti ka ọtí léèwọ̀, ó fẹ́ fi owó rẹ̀ bá ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lọ sí Los Angeles. Bàbá rẹ̀ kú, ó fi ọmọ 25 sílẹ̀ káàkiri. Òwò èèwọ̀ lọ́wọ́ ọmọdé, bàbá tí kò sí nílé: ìpìlẹ̀ ìtàn méjèèjì jọra. Fíìmù Zhao lẹ́wà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ará Pine Ridge gan-an ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣeré níbẹ̀, Zhao sì ní sùúrù pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n àlejò ni, láti Beijing ló ti wá, ojú àlejò oníwà pẹ̀lẹ́ ló fi ń wo ilé náà: oòrùn ń wọ̀, koríko ń mì, ìbànújẹ́ wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí a lè nàka sí pé òun ló fà á. Barnaby ń nàka. Orúkọ òfin wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀, ilé-ìwé wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń gbowó náà ní orúkọ.

Mo ní ẹjọ́ kan sí i lọ́rùn náà. Popper burú láti òkè délẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìgbà kan tí a rí ènìyàn nínú rẹ̀, ìyẹn sì dín ẹ̀rù rẹ̀ kù, nítorí Scott tó ń kọ ewì nílé ba ni lẹ́rù ju ọkùnrin tó ń fi ìkúùkù lu ọmọdé lọ. Àwọn tó gé irun Aila láìbínú ti ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa. Popper kò ṣe é tó.

Ohun kan wà tí ó máa yé òǹwòran Yorùbá kíákíá ju ti àwọn aṣelámèyítọ́ ìlú òyìnbó lọ. Ìyá Aila kú, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ń padà wá bá ọmọ rẹ̀. Tyler náà ń wá. Àwọn kan kọ̀wé pé Barnaby da fíìmù ẹ̀rù pọ̀ mọ́ fíìmù ọ̀rọ̀ ìlú. Àwa tí a ti ń rí òkú tó ń bá alààyè sọ̀rọ̀ nínú eré láti ìgbà Hubert Ogunde kò rí ìdàpọ̀ kankan níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé ní tiwa, ìyá tó kú á fi aṣọ funfun bora, á kun ẹfun sójú, á sì sọ orúkọ ẹni tó pa á kí eré tó parí. Ìyá Aila kò ní orúkọ kankan láti sọ. Òun ló pa ara rẹ̀, òun ló sì pa ọmọ rẹ̀. Aila jogún ọwọ́ àwòrán yíyà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìwé àti pẹ́ńsùlù kì í jìnnà sí i, mo sì rò pé orí ìwé yẹn ni àwọn méjèèjì ti ń ríra jù.

Kawennáhere Devery Jacobs ló ṣe Aila. Ọmọ Mohawk ni, láti Kahnawà:ke lẹ́bàá Montreal. Kò pariwo, kì í sáré ọ̀rọ̀. Bó bá wo ènìyàn lójú, ẹni náà á mọ̀ pé ó ti ṣírò òun tán. Wọ́n yàn án mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó dára jù lọ ní Kánádà nítorí iṣẹ́ yìí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lónìí mọ̀ ọ́n sí Elora nínú Reservation Dogs, eré amóhùnmáwòrán tí Sterlin Harjo àti Taika Waititi gbé kalẹ̀ láti 2021 sí 2023, nípa ọ̀dọ́ mẹ́rin ní Oklahoma tí wọ́n ń wá owó tí wọ́n á fi sá lọ sí California. Ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún ìpápánu ni wọ́n jí. Ẹ̀rín ni ti ibẹ̀, ẹkún ni ti ibí, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan náà ló tún ń kó ẹgbẹ́ olè kéékèèké lẹ́yìn.

Níbì kan nínú fíìmù náà, Aila lá àlá. Tyler mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé-ìwé, ó fi kòtò kan hàn án, àwọn ọmọdé ló wà nínú rẹ̀. Ọdún 2013 ni wọ́n fi èyí han gbogbo ayé. Nígbà yẹn, Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà tí Kánádà dá sílẹ̀ ní 2008 ṣì ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó jáde níbẹ̀. Àwọn yẹn ti ń sọ ọ́ pé àwọn ọmọ kan wọlé tí wọn kò padà sílé, pé àwọn kan lára àwọn tilẹ̀ bá wọn gbẹ́ sàréè àwọn ọmọ náà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ará ìlú fi gbàgbé. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2021, àwọn Tk'emlúps te Secwépemc ní Kamloops kéde pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi wo abẹ́ ilẹ̀ fi àmì hàn níbi bí 200 tó jọ sàréè nítòsí ilé-ìwé bọ́dìn àtijọ́ ibẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí iye náà àti lórí bóyá kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kò sì tíì tán. Orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tó kú sí àwọn ilé-ìwé yìí wà nínú ìwé ìjọba àti ti ìjọ fúnra wọn, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ní oṣù Keje 2022, Póòpù Francis fò lọ sí Maskwacis ní Alberta láti tọrọ àforíjì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àrùn jẹjẹrẹ pa Barnaby, ẹni ọdún 46.

Fíìmù gígùn méjì péré ló fi sílẹ̀. Èkejì, Blood Quantum, jáde ní 2019: àjàkálẹ̀ àrùn kan ń sọ òyìnbó di òkú tó ń rìn, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ nìkan ni kò ràn, àwọn òyìnbó wá ń sá wọ ilẹ̀ ìpamọ́ fún ààbò. Red Crow náà ni ìlú yẹn. Ọdún tí ó fi í sí ni 1981, ọdún tí ọlọ́pàá ya wọ Listuguj.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka èyí ní ọmọ tàbí àbúrò ní Winnipeg, ní Calgary, ní Brampton. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án bá ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ wọn á ní kí wọ́n fún àwọn ní ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn wọ̀ lọ ilé-ìwé. Phyllis Webstad ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì náà ní 2013, ọdún kan náà tí fíìmù Barnaby jáde. Ní 1973, ìyá-ìyá rẹ̀ ra ṣẹ́ẹ̀tì ọsàn tuntun fún un kó fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé bọ́dìn ní Williams Lake. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Bó ṣe dé ibẹ̀ ni wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́rùn rẹ̀, kò sì rí i mọ́. Lónìí, ọjọ́ náà ti di ọlidé ìjọba àpapọ̀, àwọn ilé ìtajà ńlá sì ń ta ṣẹ́ẹ̀tì náà ní gbogbo ìwọ̀n.

Ọmọ kékeré lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Kò gbọ́dọ̀ wo fíìmù náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, èébú wà níbẹ̀, igbó kún un, Popper sì gbìyànjú ohun kan sí Aila lápá ìparí tí mi ò ní kọ síbí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni màá gbà láàyè. Kí òbí jókòó tì í, kó má fi í sílẹ̀ lọ síbi ọbẹ̀ nígbà tí fíìmù bá ń bẹ̀rẹ̀, torí ìṣẹ́jú bíi mélòó kan àkọ́kọ́ ni ìyá ti pokùn so, ibẹ̀ náà sì ni ìbéèrè àkọ́kọ́ máa ti wá.